Ta Ni Yóò Padà Wá Wò Ó?

Ní àdúgbò wa ní Iléṣà, kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé tó ra bíríkì, omi ni yóò kọ́kọ́ wá. Yóò pe àwọn tó ń gbẹ́ kànga, wọn yóò sì gbẹ́ ẹ títí wọn yóò fi kan àpáta. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, yóò pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lu bọ́hóòlù. Lẹ́yìn omi ló kan táǹkì àti òpó irin tí táǹkì yóò jókòó lé, lẹ́yìn ìyẹn pọ́ǹpù, lẹ́yìn ìyẹn jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa fa pọ́ǹpù nígbà tí iná bá lọ. Ní báyìí, sólà àti bátìrì ni àwọn tó lágbára ń rà dípò jẹnẹrétọ̀, nítorí pé láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ tọ̀sán tòru mọ ohun tí ojú òun ń rí. Kí onílé náà tó sùn nínú ilé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, ó ti di ilé-iṣẹ́ omi, ó ti di ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, ó sì ti di ẹ̀ka iṣẹ́ òde tó ń da òkúta sójú ọ̀nà kí ọkọ̀ lè dé ẹnu géètì rẹ̀. Ó tún kù kí ó dá owó ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru, kí ó sì dá owó tiransifọ́mà nígbà tí èyí tó wà bá jó.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí pé àwọn kan lára àwa tí a ti rìn dé òkè-òkun máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ ni a kò fẹ́ ṣe nílé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo bí a ṣe ń kọ́ ilé kan ṣoṣo ní ìlú yìí yóò mọ̀ pé làálàá tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń ṣe kí ó tó rí omi wẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba kò ṣe ìdajì rẹ̀ rí. Owó tí a ń ná sí i pọ̀, ọgbọ́n tí a ń dá sí i pọ̀. Ṣùgbọ́n kànga mi, èmi nìkan ló ni ín. Kànga aládùúgbò mi, òun nìkan ló ni ín. Bí tèmi bá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, n óò gbé kòròbá lọ bá a. Bí tirẹ̀ bá sì bàjẹ́ nítorí pé ṣáláńgá ẹni kẹta sún mọ́ ọn jù, kò sí ẹnì kankan nílùú tí a gbà síṣẹ́ láti mọ̀. Ohun tí àwọn ọdún tí mo lò ní ìlú Leeds ní Ìlú Ọba fi yé mi nìyẹn, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: iṣẹ́ ẹni tí yóò padà wá wo ohun tí a ti ṣe.

Ẹ̀kọ́ ló gbé ọkọ mi lọ sí Leeds, èmi náà sì tẹ̀ lé e. Harehills ni a gbé, níbi tí àwọn ilé bíríkì pupa ti tò lọ bẹẹrẹbẹ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ̀yìn ti ara wọn láìsí àyè láàárín. Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún láyé àtijọ́, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ híhun àti aṣọ rírán ni wọ́n fi mọ ìlú náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fi òwò aṣọ mọ àwa Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ilé náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò sí èyí tó rẹwà nínú wọn. Ilé tí àbúrò bàbá mi kọ́ sí àdúgbò Ìmọ̀ nílé ju gbogbo wọn lọ, ó fẹ̀ jù wọ́n lọ, afẹ́fẹ́ sì ń wọ inú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àwọn ará òpópónà wa ní Leeds léèrè ibi tí omi wọn ti ń wá, bóyá lẹ ó fi rí ẹni tí yóò lè dáhùn. Wọn kò ní ìdí láti mọ̀ ọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an, mo rí ọkùnrin kan lójú ọ̀nà iwájú ilé wa, ó fi ìdí ọ̀pá gígùn kan ti orí ọ̀dà, ó sì gbé etí lé orí ọ̀pá náà. Ó di ojú, kò mira. Nígbà tó ṣe, ó sún síwájú díẹ̀, ó tún gbé etí lé e. Mo kọ́kọ́ rò pé ara rẹ̀ kò yá ni, mo sì jáde lọ bi í bóyá ó nílò ìrànlọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ òun ni, pé omi tó bá ń jò lábẹ́ ilẹ̀ máa ń dún, ó sì gbé ọ̀pá náà fún mi kí èmi náà gbọ́. Mo gbé etí lé e. Lóòótọ́ ni mo gbọ́ ọ, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná nínú agbada. Bẹ́ẹ̀ sì ni ojú ọ̀nà gbẹ, kò sí omi kankan tó yọ síta. Ó fa agolo ọ̀dà aláwọ̀ búlúù yọ nínú àpò, ó fi sàmì sí ojú ibẹ̀, ó kọ nǹkan sínú ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn mìíràn dé pẹ̀lú ẹ̀rọ, wọ́n wa ibi tí ó sàmì sí gan-an, wọ́n tún páìpù ṣe, wọ́n dí ojú ihò náà, wọ́n sì lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò pè wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò dá owó.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀fẹ́ ni. Owó omi wà, owó orí ilé tí wọ́n ń san fún ìjọba ìbílẹ̀ wà, ìwé rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú nípa ọkùnrin tó ń fi ọ̀pá gbọ́ omi yìí ju bí mo ṣe ń ronú nípa ẹ̀rọ omi fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ìlú wa ṣì rántí ìgbà tí omi ẹ̀rọ ń yọ ní etí títì, tí àwọn ọmọdé ń to garawa sídìí rẹ̀. A ní páìpù nígbà náà. A ní àwọn tó rì í. Ẹni tí a kò ní, tàbí tí a ní tí a kò san owó oṣù rẹ̀ mọ́, ni ẹni tí yóò máa gbé etí lé ilẹ̀. Bí a bá ṣí ẹ̀rọ omi tuntun nílẹ̀ wa, ìlù á dún, wọn á gé rìbọ́ọ̀nù, wọn á gbẹ́ orúkọ olóyè tó ṣí i sára òkúta. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i wà nínú òkúta. Ọjọ́ tí omi dákẹ́ níbẹ̀ kò sí ní àkọsílẹ̀ níbì kankan. Ilé-iṣẹ́ omi tí kò bá sì ríná kò lè fa omi, bẹ́ẹ̀ a sì mọ bí iná wa ti rí: ẹ̀rọ tí a ti rì mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà lè pèsè nǹkan bíi megawáàtì 13,000, ṣùgbọ́n èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kì í sábà ju bíi 4,000 sí 5,000 lọ, nítorí pé ibi tí gáàsì ti tó, wáyà ti gbó, ibi tí wáyà ti dára, owó tí àwọn oníná jẹ ara wọn ti dí i lọ́nà. Ìtọ́jú ló ń wọ́n wa níbi gbogbo, nínú èyí tó ṣeé fojú rí àtèyí tí kò ṣeé fojú rí.

Ìtàn ìlú Leeds fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbà pé a dá àwọn òyìnbó yàtọ̀. Ní ọdún 1832, àrùn kọ́lẹ́rà wọ ìlú náà, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 700. Nígbà náà, ṣáláńgá ń ṣàn sójú ọ̀nà àwọn òtòṣì, inú odò tí ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ń dà sí ni wọ́n sì ti ń pọnmi. Oníṣègùn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Robert Baker. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kọ ìròyìn kan, ó sì ya àwòrán ìlú náà, ó fi hàn lórí rẹ̀ àwọn òpópónà tí àrùn náà ti jà jù. Ẹnikẹ́ni tó bá wo àwòrán náà yóò rí i pé àwọn òpópónà tí kò ní gọ́tà, tí kò ní omi mímọ́, tí wọn kò sì fi òkúta tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ni ikú ti pọ̀ jù. Èyí tó wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwòrán nìkan kò gba ìlú là. Àwọn olówó ìlú jiyàn lórí owó fún ọdún gbọọrọ, kọ́lẹ́rà sì padà wá ní ọdún 1849, ó pa iye tó lé ní 2,000. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ wá gbilẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi ọ̀pá gbọ́ omi lójú ọ̀nà wa, àrólé Baker ni, àrólé àwọn òkú wọ̀nyẹn ni pẹ̀lú.

Títí di òní, wọn kò tíì bọ́ nínú ìṣòro omi ìdọ̀tí. Wọ́n ta àwọn ilé-iṣẹ́ omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn oníṣòwò ní ọdún 1989, ní báyìí sì ni ariwo ń lọ lójoojúmọ́ pé ìgbẹ́ ń ṣàn sínú odò nígbàkigbà tí òjò bá pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2023 fi máa parí, wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí ẹnu gbogbo páìpù tí irú omi ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ ń gbà jáde nígbà òjò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí yóò fi máa kọ ìgbà tí ó ṣí àti bí ó ti pẹ́ tó sílẹ̀, ará ìlú sì lè rí i kà. Ìdọ̀tí wọn pàápàá ní ìwé. Mo fi èyí wé odò Ọ̀ṣun tiwa, tó ti ilẹ̀ Èkìtì wá kí ó tó dé Òṣogbo, níbi tí igbó rẹ̀ ti wọ inú àkójọ ohun ìní àgbáyé ní ọdún 2005. Wúrà wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ń wà á pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ọdún 2021, àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ sì pọ̀ káàkiri inú igbó àti etídò. Nígbà tí omi Ọ̀ṣun di pípọ́n bí ẹrẹ̀, àwọn tó ń lọ bu ú mu ní ọdún odò nínú oṣù kẹjọ ló kọ́kọ́ kígbe síta, àwọn oníròyìn àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ sì bá wọn gbé e. Kò yẹ kó jẹ́ ojú olùjọsìn ni a ó fi máa wọn omi tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń lò.

Nǹkan tó wá tún ojú mi ṣe pátápátá ni ìwé kékeré kan tí wọ́n fún mi nígbà tí mo bí Ire, àkọ́bí wa. Ìwé pupa ni gbogbo ìyá níbẹ̀ ń pè é. Nọ́ọ̀sì tó ń bẹ ìyálọ́mọ wò nílé ló mú un wá, ó gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi bírò ṣe àmì kékeré kan sí ojú ewé kan tí ìlà gígùn mélòó kan ti wọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí ó ti ń padà wá ni ó ń fi àmì mìíràn kún un, tí àmì kan ń bá èkejì ṣọ̀rẹ́, títí ìrìn ọmọ náà fi hàn lójú ìwé. Ìyá mi ti wá bá wa wẹ ọmọ nígbà náà. Ó mú ìwé náà nílẹ̀ níjọ́ kan, ó ṣí i wò, ó sì pariwo.

“Káàdì Wẹ́sílì nìyí!”

“Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni, Màmá?”

“Kí ló fẹ́ ṣe mí tí n ò fi ní mọ̀ ọ́n? Ṣebí irú rẹ̀ ni mo ń mú lọ sí Wẹ́sílì nígbà tí mo bí ẹ. Bí ìlà yẹn bá ń gòkè, nọ́ọ̀sì á yìn ẹ́. Bó bá dúró sójú kan, wọ́n á bi ẹ́ léèrè ohun tí o fún ọmọ jẹ, o ò sì ní í lè purọ́, torí ìwé ti sọ ọ́. Inú àpótí aṣọ ni mo ń fi tìrẹ sí, lábẹ́ ìró ìgbéyàwó mi.”

Ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ni wọ́n ń pè ní Wẹ́sílì, láti ìgbà tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ni ín títí di òní tó ti wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló mú kí n lọ ka ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1956, oníṣègùn ọmọdé kan tó ń jẹ́ David Morley dé sí Iléṣà. Ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí a ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì ní ọdún 1886, ni òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ti mú iṣẹ́ kan ṣe tí ayé kò gbàgbé: wọ́n ń kọ àwọn ọmọ ìlú náà sílẹ̀ láti ìgbà ìbí, wọ́n sì ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn fún ọdún márùn-ún. Ìwọ̀n wọn, àìsàn wọn, oúnjẹ wọn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Láti inú ìwé wọ̀nyẹn ló ti hàn kedere bí éèyi, ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti àìjẹunrekánú ṣe ń di ara wọn lọ́wọ́ mú láti pa ọmọdé, pé ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ bọ̀ láti oṣù mélòó kan ni éèyi sábà máa ń gbé lọ. Ó di dandan nígbà náà kí a rí ìrẹ̀lẹ̀ náà kí àìsàn tó dé. Bí wọ́n ṣe dá ilé ìwòsàn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ nìyẹn, tó jẹ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀, tí wọ́n sì ń fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí ìlà ìdàgbàsókè wà lórí rẹ̀.

Àwọn oníṣègùn Yúróòpù ti ń ya irú ìlà bẹ́ẹ̀ tipẹ́ ṣáájú. Ohun tuntun tó ṣẹlẹ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ni pé wọn kò ti káàdì náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Wọ́n fi í sínú ọ̀rá, wọ́n fún ìyá ọmọ pé kí ó máa gbé e lọ sílé, kí ó sì máa mú un bọ̀. Àgbẹ̀ ni àwọn ìyá wọ̀nyẹn, oníṣòwò ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìlà tó ń gòkè yàtọ̀ sí èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì pa káàdì náà mọ́. Ní àwọn ọdún 1970, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé irú rẹ̀ jáde kí gbogbo orílẹ̀-èdè lè máa lò ó. Òyìnbó ni Morley, n kò gba iyì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé àti Iléṣà bá ti sọ káàdì wọn nù, tàbí kí wọ́n má padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wọn, kò sí nǹkan tí ì bá rí kọ. Nígbà tí mo mọ èyí tán, mo padà wo ìwé pupa ọmọ mi lórí tábìlì ní Leeds, àárín èmi àti ìlú náà sì yí padà. N kò tún rí ara mi mọ́ bí ẹni tó wá wo ohun tí àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n ṣe.

Àkọsílẹ̀ kì í ṣe gbogbo nǹkan, ìyẹn náà hàn sí mi níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan ń gbé ní ilé kejì sí tiwa. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Ọsirélíà. Àwọn olùtọ́jú máa ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ìgbà mìíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Fáìlì kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn rẹ̀ tí wọ́n ń kọ gbogbo nǹkan sí: aago tí wọ́n wọlé, aago tí wọ́n jáde, ohun tó jẹ, oògùn tó lò. Mo ti ka fáìlì náà rí nígbà tó ní kí n bá òun wo nǹkan nínú rẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá náà máa ń dúró lójú fèrèsé tí mo bá ń ti ọjà bọ̀, kí ó lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbé Ire lé e lẹ́sẹ̀, omi á lé ròrò lójú rẹ̀. Nílé wa, ìyá tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kò lè jẹun òwúrọ̀ tán kí ènìyàn mẹ́ta má tíì kí i.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tí n kò ní í fi àkókò ṣòfò lé lórí: owó mímú ilé gbóná nígbà òtútù, owó ìlera tí àjèjì ń san ṣáájú kí wọ́n tó fún un ní físà, èyí tó di pọ́n-ùn 1,035 fún ọdún kan láti oṣù kejì ọdún 2024, àti ìdúró ní ilé ìwòsàn, níbi tí orúkọ tó wà lórí ìlà àwọn tó ń retí ìtọ́jú ti lé ní mílíọ̀nù méje nínú ọdún 2023. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń bọ̀ yóò mọ̀ ọ́n.

Èyí tí n kò lè gbójú fò ni ọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbọ́ níbi ìnáwó àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì, pé wọ́n ní iná, àwa ní ènìyàn, kí a gba kádàrá. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì ń ṣe wá ní ibi. Kò sí ẹni tó pàṣẹ pé kí ìlú yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Obìnrin tó ń rọbí lóru ní ilé ìwòsàn tí iná ti lọ, ìfẹ́ àwọn ẹbí tó kún ẹnu ọ̀nà kò tan ìmọ́lẹ̀ sí ọwọ́ agbẹ̀bí. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ènìyàn tí a ń fi yangàn náà ń dín kù. Ẹ rìn yí Iléṣà ká lónìí, kí ẹ ka àwọn ilé ńlá tó jẹ́ pé ìyá tàbí bàbá àgbà kan àti ọmọ ọ̀dọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tí àwọn ọmọ wà ní Kánádà, tí àwọn ọmọ wà ní Ìlú Ọba, tí wọ́n ń tọ́jú ìyá onílùú. Fèrèsé tí aládùúgbò mi ń dúró sí ní Leeds ti wà nílé wa náà, a kò kàn tíì ní fáìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni.

Nígbà tí mo bá sì ń sọ pé kí a máa padà lọ wo iṣẹ́, àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni. Ó yà mí lẹ́nu kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ìyá mi jẹ́ òṣómàáló. Ó gbé aṣọ dé àwọn ìlú tí kò ní ẹbí kankan níbẹ̀, ó tà á láwìn fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ó sì mọ iye tí oníkálukú jẹ ẹ́, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, àti ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Bí ọjọ́ bá pé, ó ti dé. Bí onígbèsè bá ní kí ó padà wá lọ́la, yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí owó yóò fi jáde. Àwọn ará ìlú mìíràn kórìíra ìwà yìí nínú wa, wọ́n fi pa ẹ̀fẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kì í sì í ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n owó yẹn ló kọ́ ilé, ó rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Bí a bá lè lóṣòó nítorí owó aṣọ, kí ló dé tí a kò lè lóṣòó nítorí omi?

A ti padà sílé báyìí. Ire ti ń lọ sí ilé-ìwé, mo sì bí èkejì rẹ̀ sí Iléṣà níbí. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé tí mo ń gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ní káàdì, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì mọṣẹ́ wọn, wọ́n ń kí ni, wọ́n ń kọrin fún àwọn ìyá bí a ti tò sórí bẹ́ǹṣì. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ wà lórí káàdì náà ní pípé. Ibi tí ìlà ìwọ̀n wà ló ṣófo, nítorí pé òṣùwọ̀n ọmọdé ibẹ̀ bàjẹ́ nígbà kan, kò sì sẹ́ni tó wá tún un ṣe. Mo bi nọ́ọ̀sì àgbà bóyá wọ́n ti kọ̀wé nípa rẹ̀, ó ní wọ́n ti kọ ọ́, pé ẹnikẹ́ni kò padà wá. Àwa ìyá mélòó kan ti ń dáwó òṣùwọ̀n jọ, a ó sì rà á. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bọ́hóòlù mìíràn la tún ń lù yẹn.

Nítorí náà ni mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ mìíràn lọ sí ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa. Gọ́tà wa máa ń dí lọ́dọọdún. A máa ń dáwó, a ó pe àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀, wọn á kó o sí ẹ̀bá gọ́tà kan náà, òjò á sì gbá a padà. Mo ní kí a ra ìwé ńlá kan, kí a máa kọ ọjọ́ tí a kó o, ibi tí a kó dé, ọjọ́ tí omi wọlé àwọn ènìyàn àti ilé tó wọ̀, kí a sì máa yan ẹni tí yóò padà lọ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá kan tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi bi mí pé, “Ìyá Ire, ṣé ìwé ni yóò kó ẹrẹ̀ ni?” Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Rárá, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, yóò kàn jẹ́ kí a mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti ń wá ni.” Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbà láti máa tọ́jú ìwé náà, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára púpọ̀.

Nígbà tí òjò ọdún náà fi dáwọ́ dúró, ìwé ti sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí fún gbogbo ọdún tí a ti ń dáwó. Gbogbo ìgbà tí omi wọlé ni ó jẹ́ ní apá òkè afárá kékeré kan tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, láìka bóyá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó gọ́tà tàbí a kò kó o. Páìpù tí wọ́n rì sábẹ́ afárá náà ló kéré jù fún omi tó ń ti àwọn ilé tuntun orí òkè bọ̀. Kò sí iye owó tí onílé lè dá tí yóò yí ìyẹn padà. Iṣẹ́ ìjọba ni. A ti da àwọn ọjọ́ àti àwọn ilé náà kọ sínú lẹ́tà, gbogbo àwọn tí omi wọlé wọn ló sì fọwọ́ sí i, bàbá tó bi mí ní ìbéèrè pẹ̀lú. Ẹ̀dà mẹ́ta la ṣe: ọ̀kan fún alága ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀kan fún àwọn tó ń rí sí iṣẹ́ òde, ẹ̀kẹta ni a ó ní kí akọ̀wé wọn kọ ọjọ́ tó gbà á sí, kí ó sì fọwọ́ sí i, kí àwa lè mú un dání nígbà tí a bá padà lọ.